Kí Ni Ká Pe Iyọ̀ Tí A Fi Áyódìn Kún?

Láti ọdún 1993 ni ìjọba Nàìjíríà ti pa á láṣẹ pé kí áyódìn wà nínú iyọ̀ tí aráàlú ń jẹ. Nígbà tó fi di 2002, ó ti di dandan kí ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró náà ní fítámì A. Ohun tó ń bí mi nínú ni orúkọ tí wọ́n ń fún iṣẹ́ yìí ní Yorùbá, irú bí "ìró-oúnjẹ-lágbára". Ìrónilágbára ni olóṣèlú ń pe ọjọ́ tó bá ń pín ọ̀kadà àti maṣíìnì ìránṣọ. Ẹni tó bá sì gbọ́ pé wọ́n ti ró iyọ̀ lágbára lè máa bù ú sọ́bẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ibẹ̀ wọlé. Áyódìn kò sọ iyọ̀ di oògùn agbára. Gẹ̀gẹ̀ ló ń dènà, òun náà ló sì ń dáàbò bo ọpọlọ ọmọ tó wà nínú oyún.

N kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú "èròjà aṣaralóore", "àìtó ẹ̀jẹ̀" tàbí "àìríran lálẹ́". Fítámì ni àwọn tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò máa ń gbógun tì. Wọ́n fẹ́ ká wá orúkọ tó máa sọ ohun tó ń ṣe lára, bí "èròjà ìyè". Ṣùgbọ́n ìyè yẹn gan-an ni Casimir Funk fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà ní 1912. Ó mú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ìyè, ó so ó mọ́ orúkọ irú kẹ́míkà kan tó rò pé gbogbo wọn ní. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kò ní kẹ́míkà náà rárá, wọ́n sì gé lẹ́tà kan kúrò nídìí orúkọ náà ní 1920. Bí orúkọ tó ń ṣàlàyé bá lè ṣi ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lọ́nà, kí ló dé tí àwa máa tún tẹ̀ lé e? Ẹ jẹ́ ká yá fítámì, áyódìn àti sínkì bí wọ́n ṣe wà. Irin ní tirẹ̀, tiwa ni. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá gbọ́ "irin" nínú búrẹ́dì á rò pé eyín òun fẹ́ kán, wọ́n wá fẹ́ fi "èròjà ẹ̀jẹ̀" rọ́pò rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun mìíràn wà tó jẹ́ pé lẹ́búlẹ́bú irin gan-an ni wọ́n ń dà sí i. Irin náà ni ẹ̀jẹ̀ fi ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara.

Àárín àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe ni wàhálà wà. Ọjà ti ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé a da nǹkan pọ̀: epo àbùlà ni epo tí ọlọ́jà ti fi jìbìtì sí, "àdàlù" náà kò sì mọ́ délẹ̀. "Bùkún" ló dùn jù létí mi. "Bù" ni ohun tí ọwọ́ ń ṣe nínú igbá iyọ̀, "kún" ni pé èyí tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ sí i. Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ìbùkún lọ, ẹni tó bá sì gbọ́ "iyọ̀ ìbùkún" á bèèrè wòlíì tó gbàdúrà sí i. Ó wá ku "fi kún". Kò yin oúnjẹ náà, kò sì bà á lórúkọ jẹ́. Ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe ló sọ.

Wọ́n lè bi mí pé ṣé "iyọ̀ aláyódìn" àti "òróró onífítámì" kò rọrùn jù ni, nígbà tí a ti ní àkàrà elépo. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n "oní" kì í sọ bí nǹkan ṣe débẹ̀. Epo pupa ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A láti inú ẹyìn rẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó fi kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí IITA, ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, àti àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí tó wà ní Umudike mú jáde fún àgbẹ̀ ní 2011. Inú ilẹ̀ ló ti ń gbé tirẹ̀ bọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi "oní" sílẹ̀ fún ìwọ̀nyí: ẹ̀gẹ́ onífítámì. Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ kan náà pe iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí àti ti ilé iṣẹ́, ó kàn so ìró kékeré kan mọ́ ọn níwájú. Yorùbá lè yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá, kò sì yẹ ká sọ àǹfààní náà nù.

Fún ti ilé iṣẹ́, iyọ̀ àfáyódìnkún, ìyẹ̀fun àfirinkún, òróró àfifítámìkún ni mo fọwọ́ sí. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí "à" ṣe pàtàkì, nítorí "afáyódìnkún" láìsí i ni ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ó gùn jù. Lẹ́nu ọjà, ẹ pè é ní iyọ̀ tí a fi áyódìn kún, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ara ọ̀rá àti inú òfin ni a ti nílò ọ̀rọ̀ orúkọ tó dúró sójú kan, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ìwọ̀n: nínú ìwọ̀n mílíọ̀nù kan iyọ̀, kí áyódìn tó 50 nígbà tó bá ń kúrò nílé iṣẹ́, kó má sì dín sí 30 lórí àtẹ. Lára kẹ́ẹ̀gì òróró, kí wọ́n tún kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ orúkọ náà pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e sóòrùn, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba fítámì A jẹ́.