Ẹgbàá Kan Lórí Àgbá Epo: Owó-orí Irè Oko ní Ẹ̀pẹ́

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́, ọba tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé kúrò l'Ékòó, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nípa ìwé náà ni pé Kòsọ́kọ́ yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ adé Èkó, àti pé wọn yóò máa san igba ọ̀kẹ́ owó ẹyọ tàbí 1,000 dọ́là fún un lọ́dọọdún.

Ẹsẹ̀ mìíràn wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀. Palma, létí òkun nítòsí Orímẹ̀dú, di èbúté Kòsọ́kọ́. Lórí àgbá ńlá epo pupa kọ̀ọ̀kan tó bá gba ibẹ̀ jáde, ẹgbàá owó ẹyọ kan ni owó ibodè. Eyín erin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n epo ni ọ̀rọ̀.

Ẹ wo bí ètò náà ti rọrùn tó. Ọjà kan, iye kan, ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń gbà á. Kò sí ẹni tí ń ka igi ọ̀pẹ lóko, kò sì sí ẹni tí ń bi olóko ní iye tó jèrè. Oníṣòwò ni ó ń sanwó létí omi. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kì í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ pẹ́ lórí. Iye tí ó bá fẹ́ fún ẹni tó fún epo ni yóò ti yọ ẹgbàá rẹ̀. Olóko kò sí níbi tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé, owó náà sì ń jáde lápò rẹ̀. (Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ní kò sí ọkọ́ ni ó wá ń jẹ lára iṣẹ́ oko!) Ní 1863, Palma bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Owó-orí ọjà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1994, tó wà ní 7.5% láti 2020, yọ oúnjẹ tútù sílẹ̀. Èyí dára létí. Àmọ́ àgbẹ̀ tí kì í gba owó-orí lọ́wọ́ oníbàárà kò lè gba èyí tí òun fúnra rẹ̀ san lórí àwọn nǹkan tó rà padà. Ní 1993, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ọgbọ́n sí i nílé tiwọn: àgbẹ̀ tó bá wọ ètò náà a fi 4% lé iye ọjà rẹ̀, a sì fi í sápò láìsí ìwé ìṣirò gígùn. Òfin tuntun tiwa, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026, fi oúnjẹ sí òdo nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹni tó ń tà á lè béèrè owó rẹ̀ padà. Rìsíìtì ni wọn yóò fi béèrè. Ìyá tó ń ta gbágùúdá àti ẹja l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ọjà nìkan ni ó ní lọ́wọ́.