Kókó ara ìfun: ojú nìkan ò tó

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ ó rántí ohun tí mo máa ń sọ ní kíláàsì: tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ yọ ọ́ níbi tó wà, ẹ gbé e síbòmíì, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣe. Irú ẹ̀kọ́ yìí náà ni ìfun kọ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì, ó sì gbà wọ́n ní nǹkan bí 300 ọdún.

Ní 1677, Johann Conrad Peyer, dókítà kan ní Schaffhausen ní Switzerland, tẹ ìwé jáde lórí àwọn kókó kéékèèké tó ṣù jọ lára ìfun. Ó rí wọn dáadáa o. Àmọ́ ó rò pé omi tó ń da oúnjẹ ni wọ́n ń sun.

Ní 1971, Susan Craig àti John Cebra yọ sẹ́ẹ̀lì inú kókó wọ̀nyí lára ehoro, wọ́n sì fi sára ehoro mìíràn tí wọ́n ti fi ìtànṣán sọ ààbò ara rẹ̀ di aláìlágbára. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àlejò náà forí lé ìfun, wọ́n ń pèsè IgA tó ń dènà kòkòrò àrùn. Àṣé ibùdó ọmọ ogun ara ni Peyer pè ní ilé ìdáná!

Lónìí, wọ́n ń fi ẹ́ńsáìmù collagenase tú ẹran ìfun, wọ́n á wá sẹ́ ẹ. Tó bá pẹ́ jù, sẹ́ẹ̀lì á kú; tí kò bá pẹ́ tó, wọn ò ní jáde. Sùúrù ni gbogbo rẹ̀.