Kí Ìkòtún Tó Ti Ilẹ̀kùn: Ìjọsìn àti Àjàkálẹ̀ Àrùn láti 1918

Ní ọjọ́ 18 oṣù Ẹrẹ́nà 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé ìjọsìn kankan kò gbọdọ̀ gba ju àádọ́ta èèyàn lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n sọ ọ́ di ogún. Ní alẹ́ ọjọ́ 30, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀. Ọdún Àjíǹde bá àwọn Kristẹni nílé, Ìtúnu Ààwẹ̀ náà sì bá àwọn Mùsùlùmí nílé. Ọ̀pọ̀ àgbà ní Alímòṣọ́ ń sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí o. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Bida ti Gold Coast gbé àwọn èrò tó ní àrùn inflúẹ́ńsà wọ Èkó. Àrùn náà tàn káàkiri, ni wọ́n bá ti ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà St Saviour's kan kóra jọ láti máa gbàdúrà fúnra wọn, Joseph Shadare ni aṣáájú wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Sophia Odunlami, ní òun rí ìran pé omi òjò àti àdúrà ni kí wọ́n fi wo àìsàn náà. Wọ́n di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Nígbà tó yá wọ́n kúrò nínú Áńgílíkà, wọ́n sì wà lára gbòǹgbò Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, CAC tí gbogbo wa mọ̀. Ẹni tó bá ti rìn láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndò láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi mọ bí Aládùúrà ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Àwọn tí ìyá ìjọ wọn jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ní 1918 ni wọ́n tún ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ní 2020.

Ní 2014, ọ̀rọ̀ náà kan Ìkòtún gan-an. Ní ọjọ́ 20 oṣù Agẹmọ, Patrick Sawyer gbé Ebola ti Làìbéríà wọ Èkó. Ìdààmú bá àwọn aláṣẹ nítorí Synagogue Church of All Nations, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń wá láti òkèèrè kí T. B. Joshua lè gbàdúrà fún wọn. Wọ́n lọ bá a, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, òun náà sì ní kí àwọn aláìsàn láti orílẹ̀-èdè tí Ebola wà má wá. Ní oṣù Ọ̀wàrà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Kòrónà kò ṣe é bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní in lè máa fi èémí kó o ran ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Bíṣọ́ọ̀bù David Oyedepo béèrè ìdí tí ọjà fi ń ṣí tí ṣọ́ọ̀ṣì sì wà ní títì, ìbéèrè náà sì lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ẹni tó mọ ọjà Ìkòtún mọ̀ pé èèyàn kì í yàgò fún ara wọn níbẹ̀. Síbẹ̀, ọjà wà ní gbangba, a kò sì lè ṣàìjẹun. Yàrá kékeré tí ogójì èèyàn ti ń kọrin, tí wọ́n ń fi ohùn òkè gbàdúrà mọ́jú, yàtọ̀ sí i. Lójú tiwa, ìjọba tọ̀nà láti tì í, àmọ́ wọ́n kùnà láti ṣàlàyé ìdí.

Ìnira náà kò dọ́gba. Synagogue ní Emmanuel TV nígbà náà. Kí ni ti pásítọ̀ tó háyà ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìgàndò, tó jẹ́ pé owó ìgbá ló fi ń san owó ilé? Ọjọ́ 7 oṣù Ògún 2020 ni Èkó tó gbà kí ilé ìjọsìn ṣí, ìlàjì èèyàn péré ni wọ́n sì lè gbà. Kò sí ẹni tó dá owó háyà oṣù mẹ́rin padà fún un.