Ilé Ayò, Ilé Monopoly àti Ilẹ̀ Adó

Ọ̀rọ̀ eré orí ọpọ́n tí a fi ń kọ́ ìlú ni mo gbé wá lónìí.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2012 ni Nimi Akinkugbe àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, Bestman Games, gbé Monopoly ti ìlú Èkó jáde. Èkó ni ìlú àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí a ṣe irú rẹ̀ fún. Àwọn àdúgbò Èkó ni ó wà lójú ọpọ́n náà, Banana Island sì ni ó wọ́n jù. Dáìsì méjì ni a ń dà, iye tí ó bá yọ ni a ó fi rìn. Ilẹ̀ tí kò bá tíì ní olówó, a lè rà á. Bí a bá ra gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ kan náà tán, a lè kọ́lé sí i, ẹni tí ó bá sì yà síbẹ̀ yóò sanwó. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tán ni ó jẹ.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Elizabeth Magie, ni ó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1904 lórí eré tí Monopoly ti ṣẹ̀. Ìkìlọ̀ ni ó fi ṣe. Ó fẹ́ kí a fojú rí bí ẹni tí ó kó ilẹ̀ jọ ṣe ń sọ aládùúgbò rẹ̀ di tálákà. Ó tilẹ̀ ṣe òfin kejì, èyí tí ọrọ̀ ẹnì kan fi ń kan gbogbo ènìyàn lára. Nígbà tí Parker Brothers bẹ̀rẹ̀ sí ta Monopoly ní 1935, òfin kejì yẹn ti dàwátì. 500 dọ́là ni wọ́n fi ra ẹ̀tọ́ Magie.

Ẹ wá wo ayò tiwa. Ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Kò sí dáìsì, kò sí oríire. Ojú ni ọ̀ta fi ń ka ọmọ, tí ó ń ro ilé tí ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí. Bí ó bá sọ ilé ọ̀tá di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí mo fẹ́ràn jù: bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo pátápátá, o gbọ́dọ̀ ta ọmọ sí i bí ọ̀nà bá wà. Ọmọ ni a ń jẹ. A kì í jẹ ilé.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi dá yín lára yá díẹ̀. Bí a bá ní “ta ayò” àti “ta ilẹ̀”, ohùn kan náà ni etí ń gbọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ orúkọ síwájú, àṣírí á tú: ayò ni a ń ta, ilẹ̀ ni a ń tà.

Ní Adó-Èkìtì, títà ni ó gbòde. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni a yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Adó sì di olú ìlú. Àwọn àgbà jà fún un gidigidi, ṣùgbọ́n ní ti àgbẹ̀ tí oko baba rẹ̀ wà lọ́nà Ìkẹ́rẹ́ tàbí lọ́nà Ìwòròkò, bí ẹni da dáìsì ni: ilẹ̀ iṣu di ilẹ̀ ilé. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, síbẹ̀ ẹbí ni ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé ń kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Àṣà ní kí olórí ẹbí má dá ilẹ̀ tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Ibi tí a bá ti fo ìyẹn, ilẹ̀ kan a di ti olówó méjì, ilé ẹjọ́ a sì di ojúde ẹbí.

Mo ti ń ya ọpọ́n Adó sórí páálí. Òkèyìnmi, Ìjìgbò, Ajílosùn, Baṣírì, Òkè-Ìlá àti Fájuyì ti wà níbẹ̀. Ọjà Ọba wà láàárín, ààfin Ewì sì wà nítòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò kọ iye owó kankan sórí ààfin. Dáìsì kan ṣoṣo ni mo fi sí i. Ẹni tí ó bá sì rí i pé ilẹ̀ ti tán lọ́wọ́ ẹnìkejì gbọ́dọ̀ yọ ọ̀kan fún un kí ó tó tún da dáìsì.