Ìyẹ̀rẹ̀ àti Ìlù Nínú Ìwòsàn Ọkàn

Kí ìjọba amúnisìn tó dá ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá sílẹ̀ ní 1907, àwọn babaláwo ti ń tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wọn a dífá, wọn a rúbọ, wọn a sun ìyẹ̀rẹ̀. Ẹbí a sì máa gbè é, kí aláìsàn má baà dá wà. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn sí abúlé ní Arò, Abẹ́òkúta, pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin àlejò wa ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, bí ìlù ìpèsè bá ń dún, ẹ má pè é ní fàájì lásán. Bí a kò bá fi kọ́ ọmọ, yóò bá àgbà wọ sàréè.