Ṣakabùlà àti Mọ́tà: Ìtàn Níní Ìbọn Àtijọ́ Lábẹ́ Òfin ní Òkè-Ògùn

Àwọn ènìyàn kan wà lágbàáyé tí wọ́n ń ṣa ohun ìjà ogun àtijọ́ jọ bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣa aṣọ òfì Ìsẹ́yìn jọ. Mọ́tà wà lára ohun tí wọ́n ń wá kiri: ọ̀pá irin oníhò tí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, tí àwọn ológun ń ju bọ́ǹbù sí nínú kó lè gba ojú ọ̀run kọjá odi tàbí òkè, kó sì já lu ọ̀tá. Ní Amẹ́ríkà, òfin gba ará ìlú láyè láti ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà rẹ̀ gùn. Ní Òkè-Ògùn tiwa, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, kò sí ará ìlú tó lè ní mọ́tà nílé kó fọkàn balẹ̀ sùn. Ohun ìjà àtijọ́ tí òfin gbà fún ọdẹ, àgbẹ̀ tàbí ẹni tó fẹ́ràn ìtàn níbẹ̀ ni ṣakabùlà, ìbọn gígùn tí wọ́n ń kì láti ẹnu, òun náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Èrò tèmi ni pé ṣakabùlà yìí, tí ọ̀pọ̀ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ló yẹ kí a máa tọ́jú, nítorí ìtàn ilẹ̀ wa wà lára rẹ̀ ju bí a ti rò lọ.

Kí ìbọn tó dé, ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi ń jagun. Ilẹ̀ ọ̀dàn gba ẹṣin: igbó kò dí, ojú ń ríran jìnnà, ọ̀kọ̀, idà àti ọfà sì tó àwọn ọmọ ogun Aláàfin lò. Etí òkun ni ìbọn ti wọlé. Àwọn Pọtogí, Dọ́ọ̀ṣì, Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Denmark, tí wọ́n ti wà ní Òsú nítòsí Accra láti 1661, ń tà á pẹ̀lú ẹtù, ọtí àti aṣọ, ẹrú ni wọ́n sì ń gbà dípò. Àwọn Ìjẹ̀bú tó sún mọ́ ọjà etí òkun ní in lọ́wọ́ ṣáájú ọ̀pọ̀ Yorùbá, ogun Òwu ní nǹkan bí 1820 sì fi ohun tí ìbọn lè ṣe han gbogbo ayé. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sá wá sí ìhà gúúsù dúró sí Òkè-Ògùn, wọ́n sì fi òkè àti àpáta ṣe odi.

Ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tún yí nǹkan padà. Àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó ń fi ìbọn tuntun tí wọ́n ń kì láti ìdí ránṣẹ́ sílé, apá àwọn jagunjagun Ìbàdàn tí ń lo ṣakabùlà kò sì ká a mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan gbogbo wa ni ìpàdé kan tí àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn kan mìíràn ṣe ní Brussels. Ní oṣù keje 1890, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan tí wọ́n ní ó wà fún fífòpin sí òwò ẹrú. Nínú àdéhùn náà, wọ́n fi ààlà sí àárín Áfíríkà, láti ìwọ̀n 20 lókè ìlà agbedeméjì ayé dé ìwọ̀n 22 nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣòfin pé ìbọn ìgbàlódé kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀. Ìbọn olókùúta tí inú ojú rẹ̀ dán, àti ẹtù lásán, ni wọ́n gbà kí wọ́n máa tà fún wa. Ọmọ ogun ìjọba amúnisìn, àti ẹni tí ìjọba náà bá fún láṣẹ, ló lè lo èyí tó dára jù. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1892, ìbọn arọ̀jò-ọta Maxim wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ogun Ìmàgbọ̀n, àwọn Ìjẹ̀bú sì rí i fúnra wọn. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi ọdẹ wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìbọn ayé ijọ́un ló gbé kọ́ èjìká rántí Brussels: àwọn tó ní ìbọn tó dára ló jókòó, tí wọ́n pinnu pé ibẹ̀ ni kí tiwa dúró sí.

Alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa ló gba iṣẹ́ rírọ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ irin kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní 1904, Òyìnbó kan, C. V. Bellamy, kọ àkọsílẹ̀ nípa ilé ìyọ́rin tó rí nítòsí Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin láti inú òkúta. Ṣakí ní tirẹ̀, ìlú alágbẹ̀dẹ ni, ìlú Ògún ni. Irin tí wọ́n ń lò ti yí padà bí ayé ṣe ń yí, títí tó fi di pé páìpù omi tàbí ọ̀pá irin ara ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ni ọ̀pọ̀ agbẹ̀dẹ fi ń ṣe ojú ìbọn.

Ẹ wo ṣakabùlà kan dáadáa. Ojú rẹ̀ gùn gbọọrọ, igi ni ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi awọ tàbí irin pẹlẹbẹ de ojú mọ́ igi ní ibi mélòó kan. Ní ìdí ojú ìbọn, ihò kékeré kan wà tí iná ń gbà wọlé bá ẹtù. Ọdẹ á da ẹtù sí i láti ẹnu, á fi akísà tàbí ìhá tẹ̀ lé e, á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, kó tó da ọta sí i, kó sì tún wá nǹkan dí i. Tó bá yìn ín tán, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹran tí ọta àkọ́kọ́ kò bá mú balẹ̀ ti lọ nìyẹn. Èéfín á bo ọdẹ lójú, bí òjò bá sì rọ̀, ẹtù á di ẹrẹ̀. Síbẹ̀, ìbọn yìí ló ń ṣọ́ oko, òun ló ń ṣọ́ ìlú lóru, òun náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ ọdẹ ń yìn nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kú, kí wọ́n tó sun ìrèmọ̀jé níbi ìsípà rẹ̀.

Ìgbà méjì wà tí ọmọ ogun ìjọba dé bá wa nítòsí. Ní oṣù kọkànlá 1895, Captain R. L. Bower, tó jẹ́ aṣojú ìjọba ní Ìbàdàn, yìnbọn ńlá lu Ọ̀yọ́, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní sì rí i pé agbára ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ẹ̀ẹ̀kejì kan Òkè-Ògùn gan-an. Ní oṣù kẹwàá 1916, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Òkèihò. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Àtàndá, tó ṣe ìwádìí rẹ̀, fi yé wa pé ètò ìjọba tuntun ni àwọn ènìyàn ń bá jà: ilé ẹjọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀, àti agbára tí Òyìnbó kó fún Ọ̀yọ́ lórí ìlú wọn kọjá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n pa Ọnjọ, ọba Òkèihò. Sójà dé, ọ̀tẹ̀ parí, wọ́n sì so àwọn kan kọ́ nínú àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ní 1917, Òkèihò ṣí kúrò lórí òkè tó fi ṣe odi, ó wá sí ibi tó wà dòní.

Irú mọ́tà kan tí àwọn aṣàkójọ ń wá kiri lónìí kò tíì tó ọdún méjì nígbà ọ̀tẹ̀ náà. Ní 1915 ni ẹlẹ́rọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Wilfred Stokes, ṣe é: ọ̀pá oníhò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ìǹṣì mẹ́ta, ẹsẹ̀ irin méjì tó gbé e dúró, àti pẹpẹ irin tí ìdí rẹ̀ jókòó lé. Láti ẹnu ni wọ́n ti ń kì í, gẹ́gẹ́ bí ṣakabùlà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ọta ṣakabùlà kì í bú gbàù níbi tó bá balẹ̀. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà nínú ọ̀wọ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin mọ irú mọ́tà yìí dunjú. Igbó ibẹ̀ kò gba mọ́tò, nítorí náà orí ni àwọn aláàárù fi ń ru ẹrù ogun, tó fi mọ́ bọ́ǹbù mọ́tà. Àwọn tó padà bọ̀ kó ìtàn wálé, àmọ́ mọ́tà dúró sọ́wọ́ ìjọba.

Òfin Ìbọn tí a ṣì ń lò ní Nàìjíríà jẹ́ ti 1959. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ èèwọ̀: àgbá ogun, ohunkóhun tó ń ju ọta abúgbàù, rọ́kẹ́ẹ̀tì, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ogun àwọn sójà, àti ìbọn ìléwọ́. Mọ́tà kò ríbi sá sí nínú èyí, bó ti wù kó gbó tó. Òfin náà kò dá ohun àtijọ́ sí, kódà ìbọn ìléwọ́ olókùúta, tó jẹ́ ohun ayé àtijọ́ pátápátá, wà nínú èèwọ̀. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ lórí wọn, ẹni tí wọ́n bá sì ká a mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lè dín ní ọdún 10. Ọ̀nà kejì ni ìbọn ọdẹ ti Òyìnbó, tí Ọ̀gá Àgbà Pátápátá ọlọ́pàá ń fún ni níwèé lórí rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni gbogbo ìbọn gígùn tí wọ́n ń kì láti ẹnu: ṣakabùlà, olókùúta àti irú wọn. Òfin fi ìwé àṣẹ tó rọrùn ju ti ìyókù lọ sí èyí. Kò tọ́ sí ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ẹni tí kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 tó kọjá.

Àdéhùn ECOWAS lórí ìbọn kéékèèké, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2006, tún ti ilẹ̀kùn náà pa. Ó ka mọ́tà tí ẹnu rẹ̀ kò tó mìlímítà 100 mọ́ ohun ìjà tí ará ìlú kò gbọ́dọ̀ ní, lò tàbí tà. Mọ́tà Stokes oní-ìǹṣì mẹ́ta bọ́ sínú èyí pátápátá. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé o lè sọdá ẹnubodè Ṣakí lọ sí ilẹ̀ Benin láti lọ ra ọ̀kan, ẹ̀wọ̀n ló ń fi ọ̀nà rẹ̀ hàn ọ́.

N kò bá òfin yìí jà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2002, ohun ìjà ogun tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè Ìkẹjà bú gbàù, ó ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì bómi lọ ní Òkè-Afá níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà ní Ìbàdàn, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé. Ohun abúgbàù kì í mọ̀ pé ẹni tó tọ́jú òun fẹ́ràn òun.

Ní ti Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀, òfin 1968 ló kó mọ́tà àti bọ́ǹbù sábẹ́ Òfin Ìbọn 1934. Ẹni tó fẹ́ ra mọ́tà á forúkọ sílẹ̀, á tẹ̀ka, wọ́n á yẹ ìwà rẹ̀ wò, á sì san dọ́là 200. Bọ́ǹbù abúgbàù kọ̀ọ̀kan ní ìforúkọsílẹ̀ àti dọ́là 200 tirẹ̀, nítorí náà mọ́tà tí kò ní bọ́ǹbù ni ọ̀pọ̀ ń ní. Àwọn ìpínlẹ̀ kan kò tilẹ̀ gbà á rárá. Mọ́tà ẹlẹ́tù tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Ẹgbẹ́ kan sì wà ní Virginia, nítòsí ìlú Winchester, tí wọ́n ń fi irú rẹ̀ díje. Ní Bìrìtéènì, èèwọ̀ ni mọ́tà irú ti Stokes, àfi èyí tí wọ́n ti ba inú rẹ̀ jẹ́ tí kò lè yìn mọ́, tó sì ní ìwé ẹ̀rí. Kí ọmọ Òkè-Ògùn tó wà ní London tàbí Houston má ṣe ronú láti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé: ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún un níbẹ̀ kì í ṣe ìwé àṣẹ ní èbúté Èkó. Ẹni tó kàn fẹ́ fojú rí mọ́tà àti àgbá àtijọ́ lè lọ sí ilé olódi Cape Coast ní Ghana. Ti Ogun Abẹ́lé wa wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Umuahia.

Ohun tó kù sọ́wọ́ wa ni tiwa. Òfin ìṣẹ̀ǹbáyé ti 1979 ka iṣẹ́ ọnà ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ yìí tí wọ́n ṣe kí ọdún 1918 tó dé mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó jáde láìgbàṣẹ. Bí alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa bá ti rọ ṣakabùlà kan ṣáájú ìgbà náà, mo gbà pé ó tọ́ kó wà lára wọn. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ń tà wọ́n fún àwọn tó ń ra àlòkù irin bí bàbá ọdẹ bá ti kú, ìbẹ̀rù ọlọ́pàá sì ń mú kí àwọn mìíràn jù wọ́n sódò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ìbọn bàbá yín ṣì wà lájà: ẹ jẹ́ kí ọdẹ tó mọṣẹ́ wò ó bóyá ẹtù ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ àti ìlú rẹ̀ sílẹ̀ kí àgbà tó mọ̀ ọ́n tó lọ. Ẹ lọ bá ọlọ́pàá fún ìwé àṣẹ ní orúkọ tiyín. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ tọ́jú rẹ̀ mọ́, ẹ bèèrè ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìbàdàn bí wọ́n ṣe lè gbà á. Bí ẹ bá rí ohun tó jọ bọ́ǹbù lóko tàbí nínú ẹrù sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe ọlọ́pàá.