Ìdìbò àwọn aláìnílélórí ní Erékùṣù Èkó

Ìdìbò àwọn aláìnílélórí ní Erékùṣù Èkó ni ọ̀rọ̀ bí àwọn tí kò ní òrùlé tiwọn, láti Pópó Àgùdà títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣe lè forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n gba káàdì, kí wọ́n sì tẹ̀ka lọ́jọ́ ìbò. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni alábàárù tó ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà, àwọn tó fi abẹ́ bíríìjì ṣe ilé, àti ìdílé tí wọ́n wó ilé wọn tí wọn kò tíì rí ibòmíràn fìdí kalẹ̀ sí. Òfin Nàìjíríà kò béèrè ilé lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ dìbò. Káàdì, ìwé ẹ̀rí àti ọ̀nà jíjìn ló ń gba ìbò lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí òfin sọ

Abala 77 àti 117 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ọmọ Nàìjíríà tó bá ti pé ọdún 18, tó sì ń gbé ní Nàìjíríà lásìkò ìforúkọsílẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Kò mẹ́nu kan ojúlé. Abala 12 nínú Òfin Ìdìbò ọdún 2022 fi kún un pé kí ẹni náà máa gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ tàbí wọ́ọ̀dù tó ti fẹ́ forúkọ sílẹ̀, tàbí kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí ló yẹ kí gbogbo aláìnílélórí Èkó mọ̀ sórí. Ẹni tó ń ru ẹrù láti Balógun lọ sí Ìdúmọ̀tà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí páálí ló ń sùn, tí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù sì ń jí i kílẹ̀ tó mọ́.

Ibi tí àríyànjiyàn wà ni abala 24 òfin kan náà. Ó ní bí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì bá kan ìdìbò, kí INEC, àjọ elétò ìdìbò, rí i, dé ibi tó bá ṣeé ṣe, pé àwọn tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà lé kúrò nílé kò pàdánù ìbò wọn. Ǹjẹ́ ilé tí ìjọba fúnra rẹ̀ wó wà lára ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì? Àwọn kan ní ó wà lára rẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ka sí àdéhùn Kampala tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní ọdún 2009, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2012, nítorí àdéhùn náà dárúkọ ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé. Àwọn mìíràn ní ogun Boko Haram ló bí irú òfin yìí, àti pé ibùdó àwọn tí ogun lé wá ní Borno, Adamawa àti Yobe ni INEC ti lò ó ní 2015. Ohun tó dájú ni pé abala náà kò dárúkọ ogun nìkan. Bóyá ilé ẹjọ́ yóò na ọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí katakata wó ilé rẹ̀, ìyẹn kò ṣeé fi gbogbo ẹnu sọ.

Ìtàn

Ní Èkó, owó ló kọ́kọ́ jẹ́ ìwé àṣẹ ìdìbò. Ìwé òfin Clifford ti ọdún 1922 fún ìlú náà ní ìjókòó mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọkùnrin tó ti gbé Èkó fún oṣù 12, tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò sì dín ní £100, nìkan ló lè dìbò. Ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP ti Herbert Macaulay ló kó ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 1923. Ní Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn ọmọ àwọn tó ti Bràsíìlì àti Kúbà dé ti kọ́ pẹtẹ́ẹ̀sì wọn, oníṣòwò tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu lè dìbò. Ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ òǹwòran. Obìnrin kankan kò sí níbẹ̀, bó ti wù kí ọjà rẹ̀ tóbi tó. Wọ́n dín owó náà kù sí £50 ní 1946. Ìgbà tó di 1950 ni ìbò Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó di ti gbogbo àgbà, olówó àti tálákà, tí Dókítà Ibiyinka Olorun-Nimbe sì di olórí ìlú.

Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà ni ìwólé dé. LEDB, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn eku, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1955 láti pa nǹkan bí 70 éékà run ní àárín Erékùṣù kí wọ́n lè tún un kọ́. Wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, tó lọ bá àwọn ìdílé náà sọ̀rọ̀ kó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, fi hàn bí ẹbí ṣe tú ká, bí àwọn oníṣòwò ṣe pàdánù oníbàárà wọn, tí iye owó ilẹ̀ tuntun sì ju agbára ọ̀pọ̀ onílé àtijọ́ lọ. Mo ka ìtàn yìí sí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa. Agbolé ni àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ti ń mọ ara wọn, ibẹ̀ ni olóṣèlú sì ti ń wá wọn. Ẹni tó bá kúrò lágbolé kúrò lójú wọn.

Ìwólé kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Agẹmọ 1990 ni wọ́n wó àdúgbò Màrókò, tí nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Oṣù márùn-ún kò tíì pé tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ fi wáyé, ní ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀pẹ. Ní àdúgbò Otodo Gbame, ìléjáde tó kẹ́yìn ṣẹlẹ̀ ní oṣù Igbe 2017. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ wáyé ní ọjọ́ 22 oṣù Agẹmọ ọdún kan náà. Ní Ìta Fàájì, ìbò gómìnà ló ṣáájú: ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà 2019, ilé kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó, ó sì pa ènìyàn 20, ọ̀pọ̀ wọn ọmọdé. Ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àdúgbò náà tí wọ́n ti fi àmì sí. Ẹni tó ti ibẹ̀ kó lọ sí Ìkòròdù tàbí Ajah, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ, orúkọ rẹ̀ ṣì wà ní ibùdó ìdìbò àtijọ́.

Káàdì àti ibùdó ìdìbò

Láti ìbò gbogbogbò ọdún 2015 ni káàdì alálòpẹ́ tí a ń pè ní PVC ti di dandan. Láti 2021, ẹ̀rọ BVAS ló ń yẹ ìka tàbí ojú olùdìbò wò. Ẹnikẹ́ni kò lè bá ẹlòmíràn gba káàdì. Kí ìbò 2023 tó dé, ènìyàn 7,060,195 ló forúkọ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. 6,214,970 ló gba káàdì wọn. Ìyẹn ni pé káàdì 845,225 kò kúrò lọ́wọ́ INEC.

Níbi tí kò sí kọ́bọ́ọ̀dù tàbí àpótí, inú náílọ́ọ̀nù ni káàdì ń gbé, wọ́n á ká a mọ́ owó, wọ́n á sì tì í bọ àpò abẹ́ aṣọ. Òjò lè bà á jẹ́, olè lè gbé e, àwọn tó ń gbálẹ̀ abẹ́ bíríìjì sì lè kó o pọ̀ mọ́ ẹrù dànù. Ìforúkọsílẹ̀ fún ìbò 2023 parí ní ọjọ́ 31 oṣù Agẹmọ 2022, nígbà tí ìbò ààrẹ ṣì ku nǹkan bí oṣù méje. Ẹni tí káàdì rẹ̀ sọnù lẹ́yìn ìgbà náà ti pàdánù ìbò yẹn. Bákan náà ni ẹni tó fẹ́ gbé ìbò rẹ̀ láti ibùdó kan lọ sí òmíràn: ó ní láti ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Bí kò bá sì gbé e, ọkọ̀ kì í rìn lọ́jọ́ ìbò. Ẹni tó wà ní Ajah tó fẹ́ tẹ̀ka ní Ìta Fàájì ní láti lọ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bó bá rí ẹni tó gbà á sílé.

Ní 2021, INEC sọ ibùdó ìdìbò di 176,846 jákèjádò orílẹ̀-èdè láti 119,973. Ti Ìpínlẹ̀ Èkó di 13,325 láti 8,462. Wọ́n ṣí 749 nípò káàkiri orílẹ̀-èdè, lára wọn ni 145 tó wà láàfin àti 232 tó wà ní ilé àdáni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sùn níta kì í fẹ́ wọ ọgbà onílé lọ dìbò.

Ìrànlọ́wọ́

Ìrànlọ́wọ́ tó wà kò fi bẹ́ẹ̀ kan ìbò. Àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá kó nígboro, ilé ìtọ́jú tó wà ní Majidun, ní Ìkòròdù, ni wọ́n ń kó wọn lọ, ìyẹn sì jìnnà sí Erékùṣù. Ní 2024, ìjọba rí yàrá 86 lábẹ́ bíríìjì Dolphin, tí wọ́n ń gba nǹkan bí ₦250,000 lọ́dún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lé àwọn ayálégbé ibẹ̀ jáde. Ẹni tó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, ó sì ní ohun tó fẹ́ fi ìbò rẹ̀ sọ.

Ní ilẹ̀ òkèèrè

Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 2000 jẹ́ kí aláìnílé kọ ibi tó ti ń lo ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ lábẹ́ òfin lè lò ó pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ New York dá aláìnílé láre ní 1984, fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ sì ní àyè tí ènìyàn lè ya àwòrán oríta tó ń sùn sí. Ní Ghana, nígbà ìforúkọsílẹ̀ ọdún 2020, ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí lè mú ènìyàn méjì tó ti forúkọ sílẹ̀ wá jẹ́rìí sí i. Èyí ló bá Ìdúmọ̀tà mu jù, nítorí alábàárù tí kò ní ìwé kankan ṣì ní ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó ti mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́wàá.